Àwòrán kan náà, owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: kí lẹ ń rà gan-an nínú pósítà àwòrán orí kọ̀ǹpútà?

Ẹ rí àwòrán òkè kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kùrukùru bo ẹsẹ̀ òkè náà, adágún omi tẹ́ rẹrẹ sísàlẹ̀ rẹ̀, igi mélòó kan dúró létí omi. Ayàwòrán tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lónìí ló yà á, orí kọ̀ǹpútà ló sì ti yà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Búrọ́ọ̀ṣì kò kan ọ̀dà rárá. Ẹ ní ẹ fẹ́ gbé e kọ́ ara ògiri. Níbi àkọ́kọ́ tí ẹ yà sí, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á. Níbi kejì, àwòrán yẹn náà ni, ìwọ̀n yẹn náà ni, àmọ́ owó rẹ̀ ti di ìlọ́po ogójì. Ẹ dé ojúlé ayàwòrán fúnra rẹ̀, ẹ bá a níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ lẹ́ṣọ̀ọ́. Ohun tó kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn ni pé ẹnì kan ń lu jìbìtì níbì kan.

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí jìbìtì níbẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbé síwájú yín, ojú wọn ló kàn jọra.

Ìròyìn ọdún 2021 ló tún wá da ọ̀rọ̀ náà rú. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún yẹn, ilé gbàǹjo Christie's ta iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà kan tí ayàwòrán ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Beeple ṣe. Mílíọ̀nù 69.3 dọ́là ni wọ́n tà á. Beeple yìí kan náà sì ti sọ ọ́ pé títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2020, owó tó ga jù tí òun tíì rí gbà lórí ẹ̀dà kan tí òun tẹ̀ kò ju 100 dọ́là lọ. Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n ní á jẹ́ pé bébà kò níye lórí, fáìlì ló níye lórí. Àwọn mìíràn ní fáìlì gan-an ni kò níye lórí, ṣebí ẹnikẹ́ni lè ṣe àdàkọ rẹ̀. Apá méjèèjì ò tọ̀nà tán. Ohun tí Christie's tà lọ́jọ́ náà kì í ṣe bébà. Àmì ìní orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní NFT ni, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sì gba àyè tirẹ̀. Bébà ni tiwa lónìí: pósítà àti ẹ̀dà tí èèyàn lè fọwọ́ kàn, tó lè gbé sínú férémù, tó sì lè fi sílẹ̀ fún ọmọ.

Àwọn orúkọ wo lẹ máa bá pàdé?

Àwòrán ilẹ̀ ni àwòrán tó jẹ́ pé òkè, odò, igbó, pápá tàbí ojú ọ̀run ni kókó rẹ̀, bí èèyàn bá tilẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló wà. Tí a bá ní ó jẹ́ ti orí kọ̀ǹpútà, ohun tí à ń sọ ni pé ayàwòrán fi ìka tàbí pẹ́ńsù oníná yà á sójú ẹ̀rọ, tàbí kó lo ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi ìṣirò gbé òkè àti omi dìde, tàbí kó da méjèèjì pọ̀.

Fáìlì ni ohun tí kọ̀ǹpútà tọ́jú nígbà tí iṣẹ́ parí. Ẹ̀dà ni bébà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n tẹ fáìlì náà sí. Ìtẹ̀jáde ni àpapọ̀ gbogbo ẹ̀dà tí ayàwòrán gbà pé kí wọ́n tẹ̀ ní ìwọ̀n kan, sórí irú bébà kan. Bí ó bá dá iye kan tó ní òun kò ní kọjá rẹ̀, ìtẹ̀jáde oníye nìyẹn. Bí kò bá dá iye kankan, tí wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó máa rà á bá ṣì wà, ìtẹ̀jáde aláìlópin ni. Aláìlópin ni pósítà sábà máa ń jẹ́: bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, owó pọ́ọ́kú, iye rẹpẹtẹ.

Orúkọ kan tún wà tí àwọn tó ń tajà yìí fẹ́ràn bí nǹkan míì: giclée. Kò ní kó dẹ́rù bà yín. Ẹ̀dà tí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń tu yíǹkì wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tẹ̀ ni, ẹ̀rọ tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n sí èyí tó wà lórí tábìlì ọ́fíìsì. Jack Duganne ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1991 nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Nash Editions, ilé ìtẹ̀wé kan ní California, torí kò fẹ́ kí oníbàárà máa gbọ́ "kọ̀ǹpútà" mọ́ orúkọ iṣẹ́ ọnà. Kò sí òfin tó sọ pé ẹni tó bá lo orúkọ náà gbọ́dọ̀ lo bébà gidi tàbí yíǹkì gidi. Mo ti rí i lára ọjà tí bébà rẹ̀ kò sàn ju ti kàlẹ́ńdà lọ.

Níbo ni ojúlówó wà?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti ń lọ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Ẹni tó fi ọ̀dà kun kánfáàsì ní ojúlówó kan ṣoṣo. Ẹni tó bá rà á ti gbé e lọ nìyẹn. Iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Fáìlì kò ṣeé gbé kọ́ ògiri, ohun tí ẹ sì ń rí lójú ẹ̀rọ, ìmọ́lẹ̀ lásán ni, àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà láti orí ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Ẹ wo mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń gé búlọ́ọ̀kù. Mọ́ọ̀dù kì í ṣe búlọ́ọ̀kù, kò sẹ́ni tó ń fi mọ́ọ̀dù kọ́lé. Síbẹ̀, láìsí i, kò sí búlọ́ọ̀kù. Ẹni méjì lè lo mọ́ọ̀dù kan náà kí búlọ́ọ̀kù ẹnì kan le koránkorán, kí ti ẹnì kejì sì máa ya lulẹ̀, torí pé yanrìn àti sìmẹ́ǹtì tí oníkálukú pò yàtọ̀ síra.

Nítorí náà, nínú iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà, ojúlówó ni ẹ̀dà tí ayàwòrán wò, tó sì ní: bí mo ṣe fẹ́ kó rí nìyí. Òun ló yan bébà. Òun ló ní òjìji abẹ́ igi yẹn ti dúdú jù, kí wọ́n tún un tẹ̀. Òun náà ló sọ iye tí yóò wà láyé. Ohun tí ẹ ń san owó gọbọi lé lórí ni àwọn ìpinnu yẹn, àti ìlérí pé bó ṣe sọ ọ́ náà ló máa rí. Tí ẹ bá di èyí mú, gbogbo ohun tó kù á yé yín.

David Hockney, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti fi ọ̀dà yàwòrán láti ọjọ́ pípẹ́, ló sọ ọ̀rọ̀ yìí di ohun tí gbogbo ayé rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán lórí iPhone ní 2009, ó sì bọ́ sórí iPad ní 2010. Ní 2011, ó ń lọ sí Woldgate, ọ̀nà tóóró kan ní East Yorkshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń ya bí òtútù ṣe ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí ewé tuntun ń yọ: igi tó wà níhòòhò, omi òjò tó dágún sójú ọ̀nà, koríko tó ń ga sí i lójoojúmọ́. Nígbà tí Royal Academy, ilé iṣẹ́ ọnà kan ní London, ṣí àfihàn rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2012, àwòrán iPad 51 ló wà nínú iṣẹ́ Woldgate náà, orí bébà ńláńlá ni wọ́n sì tẹ̀ wọ́n sí kí wọ́n tó gbé wọn kọ́ ògiri.

Ẹni tó bá ronú dáadáa á béèrè pé, ojú iPad ìgbà náà kò ju píksẹ̀lì (àmì àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán ojú ẹ̀rọ) 1024 níbùú, 768 lóròó lọ. Báwo ló ṣe wá di bébà tó ga ju mítà kan lọ láìfọ́ yángáyángá? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé Brushes, áàpù tó lò, kì í tọ́jú àwòrán nìkan. Ó ń rántí ìlà kọ̀ọ̀kan tí ìka fà: ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, bó ṣe nípọn tó, àwọ̀ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè tún gbogbo ìlà náà fà láti ìbẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀n tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú bébà Woldgate yẹn, ẹ̀dà 25 péré ni wọ́n tẹ̀ nínú ìtẹ̀jáde rẹ̀. Àwòrán kan náà sì lè wà lára pósítà tí mùsíọ́ọ̀mù tẹ̀ fún àfihàn, tí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé lè rà bó ṣe ń jáde.

Báwo lẹ ṣe máa fojú dá wọn mọ̀?

Ẹ wá awò kékeré tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń há sójú, èyí tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ gbé e lé ibi tí àwọ̀ ti fẹ́lẹ́ nínú àwòrán náà, bí ojú ọ̀run lápá ibi tí oòrùn ti ń wọ̀.

Bí ó bá jẹ́ pósítà tí wọ́n tẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé ńlá, ẹ ò ní rí ojú ọ̀run mọ́. Àmì tótòtó lẹ máa rí, oríṣi mẹ́rin péré: búlúù, pupa tó fẹ́ jọ àlùkò, yẹ́lò àti dúdú. Wọ́n tò ní òbìrí kéékèèké, òbìrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òbìrí, létòlétò títí dé etí bébà. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ tó ń tu yíǹkì ló ṣe é, àmì náà á wà, àmọ́ wọ́n á fọ́n ká láìní ètò kankan, wọ́n á kéré débi pé ó lè gba kí ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Yíǹkì irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sì máa ń ju mẹ́rin lọ, ó lè tó mẹ́jọ sí méjìlá. Ìdí nìyẹn tí kùrukùru inú ẹ̀dà gidi fi ń rọra yí láti funfun sí eérú láìsí ibi tó ti já.

Lẹ́yìn náà, ẹ fọwọ́ kan bébà. Bébà pósítà sábà máa ń wà láàárín gíráàmù 130 sí 200 ní mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n fi òwú ṣe fún iṣẹ́ ọnà sábà máa ń tó 300 tàbí jù bẹ́ẹ̀; ó wúwo lọ́wọ́, ojú rẹ̀ kì í sì dán. Tí ẹ bá ní irú tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń yẹ owó bébà wò bóyá ayédèrú ni, ẹ tàn án sí etí bébà nínú òkùnkùn. Bébà tí wọ́n fi kẹ́míkà sọ di funfun báláú á tàn búlúù. Bébà òwú tí kò ní in á dúró pẹ̀lú àwọ̀ mílíìkì rẹ̀. Kẹ́míkà yẹn ń kú díẹ̀díẹ̀, bébà náà á sì máa pọ́n bọ̀ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Àmọ́ o, pé ó tàn búlúù kò sọ pé jìbìtì ni. Àwọn ilé iṣẹ́ bébà tó lórúkọ náà ń lo kẹ́míkà yìí nínú àwọn bébà wọn kan.

Mi ò sì gbà pẹ̀lú àwọn tó ń yọ ṣùtì sí pósítà. Ní 1891, ayàwòrán ará Faransé tó ń jẹ́ Toulouse-Lautrec ṣe pósítà fún Moulin Rouge, ilé ijó kan ní Paris, wọ́n tẹ nǹkan bí 3,000 rẹ̀ láti lẹ̀ mọ́ ara ògiri ìgboro. Ìpolówó ọjà ni. Àwọn èèyàn ìgbà yẹn ń lọ ṣí irú pósítà bẹ́ẹ̀ lára ògiri ní òru kí wọ́n lè gbé e lọ sílé, lónìí sì rèé, ilé gbàǹjo ni èyí tó ṣẹ́ kù nínú wọn ń wọ̀. Ohun tó burú ni kí wọ́n fi owó ẹ̀dà oníye ta pósítà fún yín.

Kí ni 7/50 tó wà nísàlẹ̀ ń sọ?

Ó ń sọ pé ẹ̀dà keje rèé nínú 50. Ọ̀pọ̀ gbà pé nọ́ńbà tó bá kéré ló dára jù. Nígbà tó jẹ́ pé orí irin bàbà ni wọ́n ń gbẹ́ àwòrán sí, òótọ́ wà nínú rẹ̀: irin náà ń jẹ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ìlà inú ẹ̀dà kẹta á mú ju ti ogójì lọ. Fáìlì kì í jẹ. Ẹ̀dà kìíní àti àádọ́ta kò yàtọ̀ ní nǹkan kan. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé bí wọ́n ṣe tò wọ́n jọ sórí tábìlì ni ayàwòrán ṣe ń kọ nọ́ńbà sí wọn lára. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ fi owó lé e torí pé nọ́ńbà kìíní ni, ìfẹ́ ọkàn ló ń tà fún yín.

Ohun tó yẹ kí ẹ fojú sí ni àwọn ẹ̀dà tí kò sí nínú 50 yẹn. A.P. ni ti ayàwòrán fúnra rẹ̀, ó sábà máa ń tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. P.P. ni ti ẹni tó bá a tẹ̀ ẹ́. H.C. ni èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ tí kò sí fún títà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń bọ́ sọ́jà bó bá pẹ́. B.A.T. ni ẹyọ kan tí ayàwòrán fọwọ́ sí kí àwọn òǹtẹ̀ máa fi ṣe àwòkọ́ṣe. Fún ìdí yìí, "50" lè jẹ́ 58 tàbí 60. Kò sí àìdáa níbẹ̀ bí wọ́n bá ti sọ ọ́ ní gbangba. Àpapọ̀ lẹ máa béèrè.

Ṣé ìlérí náà ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé?

Bí wọ́n bá ṣe kọ ọ́ ló ṣe ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé tó. Ẹjọ́ kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń kó irú nǹkan yìí jọ mọ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2012, Christie's lu àwòrán 36 ti William Eggleston, ayafọ́tò ará Amẹ́ríkà, ní gbàǹjo. Fọ́tò rẹ̀ àtijọ́ ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn èèyàn sì ti ra ẹ̀dà oníye àwọn kan nínú wọn tipẹ́tipẹ́. Ẹ̀rọ tó ń tu yíǹkì ni wọ́n fi tún wọn tẹ̀, wọ́n sì tóbi gan-an ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Owó tó wọlé lé ní mílíọ̀nù 5 dọ́là. Inú bí ọ̀kan nínú àwọn olùkójọ tó ti ra ti àkọ́kọ́, ló bá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ ní New York: ṣebí wọ́n ní iye báyìí ni yóò wà? Ní 2013, adájọ́ da ẹjọ́ náà nù. Ó ní ìwọ̀n yàtọ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà tẹ̀ ẹ́ yàtọ̀, ìtẹ̀jáde tuntun ni. Kò sẹ́ni tó fi ẹyọ kan kún ti àtijọ́.

Iṣẹ́ fọ́tò ni Eggleston ń ṣe, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ba iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà mu jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí fáìlì kì í rẹ̀, iṣẹ́jú díẹ̀ sì ni yíyí ìwọ̀n padà ń gbà. Nítorí náà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ dáadáa. "Ẹ̀dà 50 ní ìwọ̀n yìí" kò dí ayàwòrán lọ́wọ́ láti gbé ẹ̀dà 100 jáde ní ìwọ̀n kékeré lọ́dún tó ń bọ̀, tàbí pósítà aláìlópin. "Ẹ̀dà 50 ní gbogbo ìwọ̀n, lórí gbogbo bébà" ni ìlérí tó le. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán kì í kọ irú èyí, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Ẹni tó fi pósítà jẹun kò ní fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí ẹ mọ èyí tí ẹ ń rà kí owó tó kúrò lọ́wọ́.

Irú ìtẹ̀jáde kan tún wà tó gbòde báyìí, èyí tí wọ́n ń ṣí fún ọjọ́ kan tàbí ọ̀sẹ̀ kan. Iye ẹni tó bá sanwó láàárín àsìkò náà ni iye ẹ̀dà tí wọ́n á tẹ̀. Òótọ́ ni pé ó níye, àmọ́ iye náà lè jẹ́ 90, ó sì lè jẹ́ 9,000, ẹ ò sì ní mọ̀ títí ilẹ̀kùn á fi tì. Fún ìfiwéra: òfin Amẹ́ríkà ti 1990 tó ń dáàbò bo iyì àwọn ayàwòrán kò ka ìtẹ̀jáde sí iṣẹ́ ọnà tó yẹ fún ààbò yẹn bí ẹ̀dà rẹ̀ bá ju 200 lọ, tàbí bí ayàwòrán kò bá fọwọ́ sí i kó sì kọ nọ́ńbà sí i tẹ̀léra tẹ̀léra.

Ìbuwọ́lù wo ló jẹ́ ìbuwọ́lù?

Èyí tí ọwọ́ kọ. Orúkọ ayàwòrán tó wà nínú àwòrán náà, ní igun ìsàlẹ̀, lára fáìlì ló wà. Gbogbo ẹ̀dà ló ní in, títí kan èyí tí ẹ lè rí lọ́fẹ̀ẹ́. Ìbuwọ́lù gidi sábà máa ń wà ní etí funfun ìsàlẹ̀, pẹ́ńsù ni wọ́n sì ń lò jù, torí kì í ṣá, ó sì ń tẹ bébà wọnú. Ẹ gbé bébà náà dúbúlẹ̀, kí ẹ tan iná sí i láti ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa yọ́ lórí rẹ̀. Ìlà pẹ́ńsù á dán díẹ̀, ẹ ó sì rí ọ̀nà tó là sínú bébà. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ kò ní ọ̀nà kankan. Lára pósítà tó ń dán, pẹ́ńsù kì í mú, torí náà máákà ni wọ́n máa ń lò níbẹ̀, máákà sì ń ṣá lójú oòrùn.

Ìwé ẹ̀rí tó tẹ̀ lé e kò gbọdọ̀ jẹ́ "ojúlówó ni" lásán. Orúkọ iṣẹ́ náà, ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ìwọ̀n, irú bébà, irú yíǹkì, iye ìtẹ̀jáde pẹ̀lú A.P., àti ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Ṣé n kò lè mú fáìlì ọ̀fẹ́ yẹn kí n tẹ̀ ẹ́ fúnra mi?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kí bébà tó mọ́ lójú ẹni tó sún mọ́ ọn, ó ń fẹ́ nǹkan bíi píksẹ̀lì 300 nínú ínṣì kọ̀ọ̀kan. Pósítà ínṣì 24 sí 36 á wá gba 7,200 lọ́nà 10,800, ìyẹn ń lọ sí mílíọ̀nù 78. Fáìlì ọ̀fẹ́ tó dára gan-an, tí wọ́n ń pè ní 4K, jẹ́ 3,840 lọ́nà 2,160. Mílíọ̀nù 8.3 nìyẹn, kò tó ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Ìwọ̀n tó lè gbà láìdàrú ni nǹkan bí ínṣì 13 sí 7. Lóòótọ́, ẹni tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán lè fara mọ́ 150, àmọ́ ìyẹn náà ju mílíọ̀nù 19 lọ. Ètò kọ̀ǹpútà wà tó ń sọ àwòrán kékeré di ńlá. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni wọ́n ń méfò: ẹ lè bá ewé tí ayàwòrán kò yà lára igi rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ tún wà. Ojú ẹ̀rọ ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe àwọ̀, yíǹkì kò ní ìmọ́lẹ̀. Àwọ̀ ewé tó ń tàn yòò àti búlúù òru tó jinlẹ̀, tí àwọn tó ń ya ilẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà fẹ́ràn jù, ni yíǹkì sábà máa ń kùnà láti gbé. Ayàwòrán tó mọṣẹ́ á ṣe fáìlì ọ̀tọ̀ fún títẹ̀, á tún àwọ̀ náà tò. Fáìlì yẹn kì í sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ti òfin kò tilẹ̀ pẹ́ sọ. Pé ẹ ra ẹ̀dà kò sọ pé ẹ ra ẹ̀tọ́ láti tẹ òmíràn. Bébà náà jẹ́ tiyín, ẹ lè tà á, ẹ lè fi tọrẹ. Àwòrán orí rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ẹni tó yà á. Pé wọ́n ní kí ẹ lo fáìlì lọ́fẹ̀ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà yín kò sì sọ pé kí ẹ tẹ̀ ẹ́ tà.

Èyí tí AI, ọgbọ́n àtọwọ́dá orí kọ̀ǹpútà, yà ńkọ́?

Kókó kan péré ló kàn wá níbí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Washington sọ pé iṣẹ́ tí kò sí ọwọ́ èèyàn nínú rẹ̀ kò ní ààbò ẹ̀tọ́ oníṣẹ́, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti dí ẹlòmíràn lọ́wọ́ kó má ṣe àdàkọ rẹ̀, ní Amẹ́ríkà. Bí ẹnì kan bá wá ta irú àwòrán bẹ́ẹ̀ fún yín ní "ẹ̀dà 50 péré", òun lè mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, àmọ́ kò ní ohun tó lè fi dá ẹlòmíràn lẹ́kun kó má tẹ 5,000. Iṣẹ́ tí ayàwòrán fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe gidi yàtọ̀ síyẹn. Ẹ béèrè bó ṣe ṣe é; ẹni tó bá ṣiṣẹ́ kì í kọ̀ láti sọ bí iṣẹ́ ṣe lọ.

Kí ló ń ba bébà jẹ́?

Oòrùn ni àkọ́kọ́. Àwọn ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 lórí irú ẹ̀rọ tó ń tu yíǹkì kan tí wọ́n ń pè ní Iris lo yíǹkì aláró tó ń yòrò nínú omi, púpọ̀ nínú wọn sì ṣá láàárín ọdún díẹ̀. Yíǹkì tí àwọn tó mọṣẹ́ ń lò báyìí ní èròjà àwọ̀ tó jẹ́ ẹ̀tù lẹ́búlẹ́bú tí kì í yòrò. Ó lè lo ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún lábẹ́ gíláàsì bí oòrùn kò bá kàn án tààrà. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n lò kí ẹ tó sanwó. Àwọn mùsíọ́ọ̀mù kì í sábà jẹ́ kí iná tó ń tàn sára iṣẹ́ orí bébà ju lux 50 lọ (lux ni òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀), ìdí nìyẹn tí yàrá wọn fi máa ń ṣókùnkùn díẹ̀.

Nínú páìpù páálí ni ẹ̀dà sábà máa ń gbà dé. Ẹ má ká a sódì láti fi nà án, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń sán. Ẹ tẹ́ ẹ sórí bébà funfun tó mọ́, ẹ fi bébà mìíràn bo ojú rẹ̀, ẹ gbé ìwé ńlá pẹlẹbẹ lé etí rẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ títí á fi dùbúlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọwọ́ oníférémù ni ọ̀pọ̀ ẹ̀dà gidi ti ń kú. Wọ́n á fi gọ́ọ̀mù tàbí ẹ̀rọ gbígbóná lẹ gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ pákó kó lè tẹ́, iye rẹ̀ á sì já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀ torí kò ní ṣí mọ́ láéláé. Fún pósítà, kò léwu. Fún ẹ̀dà oníye, ẹ ní kí wọ́n fi bébà Japan tín-ín-rín àti lẹ́ẹ̀ sítáàṣì gbé e kọ́ láti òkè nìkan, kí wọ́n lo páálí tí kò ní ásíìdì, kí gíláàsì má sì fara kan ojú àwòrán. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé etí funfun rẹ̀ kó lè wọ férémù tó ti wà nílẹ̀. Ibẹ̀ ni nọ́ńbà àti ìbuwọ́lù wà.

Ṣé owó rẹ̀ máa ga lọ́la?

Pósítà aláìlópin, rárá, àfi kí ayàwòrán náà di ẹni ńlá kí ti àkọ́kọ́ rẹ̀ sì wọ́n. Ẹ̀dà oníye lè ga, ó sì lè má rí ẹni rà á. Ẹni tó bá fẹ́ràn kùrukùru orí òkè yẹn tó fi lè máa wò ó láràárọ̀ ti gba owó rẹ̀ padà níbẹ̀. Ẹni tó ń ra bébà nítorí èrè nìkan, ọjà mìíràn wà tó rọrùn ju èyí lọ.

Bí ẹ bá padà tà á ní ilẹ̀ Yúróòpù nípasẹ̀ gálárì tàbí ilé gbàǹjo, ìpín kan lè tọ́ sí ayàwòrán. Òfin 2001 àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù fi í sí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lórí 50,000 yúrò àkọ́kọ́, kò sì ní ju 12,500 yúrò lọ bó ti wù kí owó náà pọ̀ tó. Ẹ̀dà oníye tí ayàwòrán fọwọ́ sí wà lábẹ́ òfin náà. Pósítà lásán kò sí níbẹ̀. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń sọ iye owó tí ìpín ti ń bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kò gbọdọ̀ fi í sókè ju 3,000 yúrò lọ.